Ìgbálẹ̀ ní Leeds, Eruku ní Ìkìrun

Ìgbálẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́ mi ní ìlú Leeds, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kìíní.

Ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà ni. Tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n gbà mí láti máa gbé pákó fún àwọn tó mọ iṣẹ́, kí n sì máa di ọjà tó bá ti parí. Mo tètè dé lọ́jọ́ náà, ṣáájú gbogbo ènìyàn, àfi ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn tó sì lọ po tíì. Mo wo ilẹ̀, mo rí èérún igi díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ kan. Kí ni ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ ní Ìkìrun máa ṣe? Mo wá ìgbálẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó ní igi gígùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì gbá ibẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn, bí mo ṣe máa ń gbá iwájú ilé wa kí àwọn àgbà tó jí.

Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọlé. Gbogbo wọn dúró síta nínú òtútù, wọ́n ń wò mí láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń dáná sun ilé.

Colin, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, ló wọlé nìkan. Ọkùnrin tó lè bí mi lọ́mọ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó sì ti fi ìbòmú bo imú àti ẹnu.

"Jọ̀wọ́," ó ní, "rọra gbé e sílẹ̀. Má jù ú."

"Ìgbálẹ̀ ni mo gbé, sà. Mo kàn ń tún ibí ṣe."

"Mo mọ̀. Ìgbálẹ̀ yẹn, ti yìnyín iwájú ilé ni. A kì í gbálẹ̀ nínú ilé yìí."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ. Ilé tí wọn kì í gbálẹ̀! Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Nílé, ẹni tó bá gbá ilẹ̀ ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ti sọ ohun kan láìlanu: pé ibẹ̀ jẹ́ tòun náà, pé òun kì í ṣe àlejò. Ohun tí mo ń gbìyànjú láti sọ fún wọn nìyẹn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì dúró síta.

Colin kò lé mi. Ó pa gbogbo iná, ó fa aṣọ dúdú bo fèrèsé, ó wá tan tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, ó gbé e sórí tábìlì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè la inú òkùnkùn náà kọjá.

"Wò ó," ó ní.

Mo wò ó. Nínú ìmọ́lẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ kún fọ́fọ́. Ohun kan ń yí, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó wẹ́ ju ìyẹ̀fun lọ, ó pọ̀ bí èéfín, kò sì fẹ́ balẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ó yà fún ọwọ́ mi, ó tún padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, mo ti fà á símú, mo sì ti sọ lọ́kàn mi pé afẹ́fẹ́ ìlú oyìnbó mọ́.

"Èyí tó wà nílẹ̀ kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan," Colin ní. "Èyí tí ojú rẹ kò rí ló ń wọ àyà lọ, tí kì í sì í jáde mọ́. Ìgbálẹ̀ ló ń jí i."

Iṣẹ́ oníròyìn ni mo ṣe kí n tó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ káàkiri Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rédíò kan. Mo ti ròyìn iná, mo ti ròyìn omíyalé. Ohun tí mo rí nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì yẹn ti wà ní ilé wa látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò sì ròyìn rẹ̀ rí.

Mo sọ fún Colin pé mo fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ronú nípa àyà bọ̀ọ̀dá mi.

*

Bọ̀ọ̀dá mi, Mùfútáù, tí gbogbo Ìkìrun ń pè ní Múfú Kápẹ́ńtà, ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Pákó ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Inísà, páànù lórí, ẹ̀gbẹ́ méjì ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ ìrẹ́gi kan àti ẹ̀rọ ìfági kan láàárín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń mọ̀ pé wọ́n ti ń bọ̀ kí n tó rí wọn, torí òórùn ìrókò ló ń ṣáájú wọn wọlé. Ìpéǹpéjú wọn á funfun, irun wọn á funfun. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ káàbọ̀, bàbá arúgbó!" Àwọn náà á gbọn orí wọn sí wa lára, a ó sì sá.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n láti Leeds. Oríkì mi ni wọ́n fi ń gbé fóònù. Wọn kì í sọ pé "hẹ́lò." Wọ́n á kọ́kọ́ pe orúkọ oríkì mi, wọ́n á wá bọ́ sí ti ìdílé wa. Oríkì náà gùn, èémí méjì ni wọ́n fi máa ń kà á tán tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo rí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì Colin ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oríkì mi. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní ìlà kẹta tàbí ìkẹrin, ikọ́ á gbà á lẹ́nu wọn. Wọ́n á wú u, wọ́n á wú u, wọ́n á wá ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, ìyókù dọ̀la. Báwo ni òtútù?"

"Ikọ́ yẹn ńkọ́, bọ̀ọ̀dá?"

"Ikọ́ wo? Ọ̀fìnkìn ni."

Aya wọn, Àǹtí Sìkí, ló sọ òótọ́ fún mi. Ó gba fóònù, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ọ̀fìnkìn tí kì í tán láti ọdún tó kọjá? A ti lọ sí ọsibítù l'Óṣogbo. Dókítà ní nínú méjì kí wọ́n mú ọ̀kan: kí wọ́n fi eruku igi sílẹ̀, tàbí kí eruku fi wọ́n sílẹ̀ lọ́nà tí a ò fẹ́. Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kó tún àyà wọn gbọ́. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn ilé lásán báyìí, wọ́n máa ń jókòó ní àárín."

Mo ní kó gbé fóònù padà fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Kí n wá máa ṣe kí ni?" wọ́n ní. "Kí n máa ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn? Igi ni mo mọ̀. Bí wọ́n bá gba igi lọ́wọ́ mi, ta lẹ ó máa pè ní Múfú? Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ míì."

*

Iṣẹ́ wá di ohun tí mo ń fi ojú méjèèjì wò. Nínú ṣọ́ọ̀bù Colin, páìpù irin nínípọn kan gba abẹ́ òrùlé kọjá láti òpin dé òpin, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀ka igi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Lẹ́yìn ògiri, ní ìta, fáànù ńlá kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́. Bí ayùn bá ti ń gé igi, páìpù á ti gbé ìyẹ̀ rẹ̀ mì kó tó rántí pé òun fẹ́ fò. Gbogbo rẹ̀ á lọ sínú ohun kan tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń yí bí ìjì, èyí tó wúwo á já sínú àgbá tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó wẹ́ á lọ há sínú asẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i níbi tó ti ń fa ìyẹ̀ igi ọ̀kì, ìrókò tiwọn, mo gbàgbé pákó tó wà léjìká mi. Ọkùnrin mẹ́fà ń rẹ́ igi, wọ́n ń fá igi, dúdú ni irun orí àwọn ọ̀dọ́ àárín wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo lọ fọwọ́ pa orí fèrèsé. Mo wo ọwọ́ mi. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Ṣé idán ni?" mo bi Colin.

"Fáànù ni," ó ní. "Àti sùúrù."

Ó kọ́ mi díẹ̀díẹ̀, bí àyè bá ṣe yọ. Fáànù ni a ń kọ́kọ́ tàn kí a tó tan ayùn. Bí a bá pa ayùn, a ó jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i kí ó lè mú èyí tó kù lójú ọ̀nà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan. Ti ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ni kó wà ní ṣíṣí, torí bí gbogbo wọn bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tí agbára rẹ̀ á tó. Àgbá kò gbọdọ̀ wà nínú ilé. "Eruku igi tó gbẹ dáadáa máa ń gbiná ju igi fúnra rẹ̀ lọ," ó ní. "Bí iná bá fẹ́ dé, jẹ́ kó bá a níta." Ó ní ìbòmú ṣì gbọdọ̀ wà lójú, fáànù tàbí kò sí fáànù.

Mi ò ní ẹni tí mo máa sọ ìyanu yìí fún. Èmi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn jẹun, ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi ni "sọ́rì," ilẹ̀kùn ilé ìtajà tí mo fi èjìká gbá ni mo sì sọ ọ́ fún. Nílé, bí mo bá dúró sí kọ̀rọ̀ kan ní Òkukù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi, ènìyàn mẹ́wàá á fẹ́ sọ tẹnu wọn kí n tó bèèrè. Ní Leeds, mo ń gbọ́ ohun gbogbo, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ní etí.

Àfi ọjọ́ kan. A ń ṣiṣẹ́ lọ, mo kàn gbọ́ pé ohùn páìpù ti yí padà. Ó ń sọ "hùùù" tẹ́lẹ̀, ó wá ń sọ "hìììì," tín-ín-rín, bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Mo sáré lọ bá Colin, mo ní, "Ohun kan ti dí ẹ̀ka ẹ̀rọ ìfági." Ó wò mí. Ó pa gbogbo rẹ̀, ó tú ìsopọ̀ kan, ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó fa àkísà kan jáde níbẹ̀, ó gùn tó apá mi.

"Ọdún mélòó ni mo ti wà níbí," ó ní fún àwọn yòókù, "mi ò gbọ́ ọ. Ẹ wo etí obìnrin yìí!"

Iṣẹ́ rédíò ló fún mi ní etí yẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí láàárọ̀ pé, "Báwo ni ohùn rẹ̀ lónìí?" Èmi náà á dúró, n ó gbọ́ ọ, n ó ní, "Ó dáa." Iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n mo ti di ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, fáànù kékeré kan àti asẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọn kò lò mọ́. Colin ní, "O ti ń wo ìyẹn bí ẹni tó ń wo ọmọ. Ta lo fẹ́ gbé e fún?"

Mo sọ ti bọ̀ọ̀dá mi fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó lọ mú àkísà, ó nu eruku ara fáànù náà, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpò mi.

*

Fáànù náà dé Ìkìrun. Ká fi bó ṣe dé ibẹ̀ sílẹ̀.

Lórí fóònù alájùmọ̀rí, èyí tí a fi ń rí ojú ara wa, ni a ti tò ó. Bọ̀ọ̀dá mi á gbé fóònù lé orí pákó, èmi á máa wo ìdajì orí wọn àti páànù òrùlé. Wàsíù, wẹ́dà kan ní Inísà, ló fi páànù ṣe àrọ ńlá náà, ó jó o mọ́ ìdérí àgbá epo. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, torí ti àkọ́kọ́ ń mí afẹ́fẹ́ síta lójú ìsopọ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Wàsíù bínú. "O wà ní ìlú oyìnbó, o ń gbọ́ ihò ní Inísà?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Ó ń súfèé lápá òsì rẹ."

Ó tẹ etí sí i. Ó gbójú sókè. "Bọ̀ọ̀dá Múfú," ó ní, "àbúrò yín yìí kì í ṣe ènìyàn lásán o."

Páìpù omi oníke ni bọ̀ọ̀dá mi rà, torí òun ló wà nítòsí. Mo ní irin ló dáa. Wọ́n ní irin wọ́n, a ó lo èyí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, ó fa ìyẹ̀ dáadáa, wọ́n wá fọwọ́ kan páìpù láti yìn ín, wọ́n sì fò sẹ́yìn.

"Ó ta mí bí òjìjí!"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí eruku bá ń ha ara oníke lọ, ó máa ń bí iná wẹ́wẹ́, iná yẹn kò sì dáa nítòsí eruku. Wọ́n wá irin tí wọ́n lè rí ní Inísà fún ọ̀nà tó gùn jù, Wàsíù jó o pọ̀. Wọ́n wá fi wáyà bàbà so gbogbo rẹ̀ mọ́ òpó irin kan tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Òjìjí náà kú.

Àgbá nìkan la jà lé lórí. Wọ́n fẹ́ kó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kí olè má baà gbé e. Mo ní rárá, ìta ni. A fi ọjọ́ méjì jiyàn. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní, "Ó dáa, ọ̀gá oníròyìn, ìta ni," wọ́n sì fi ṣéènì dè é mọ́ igi máńgòrò.

Ọjọ́ tí ohun gbogbo pé, wọ́n tan fáànù, wọ́n tan ayùn, wọ́n ti odindi pákó ìrókò kan sí i. Mo rí i lórí fóònù. Ìyẹ̀ náà dìde, ó tẹrí ba, ó wọlé. Wọ́n pa ayùn. Wọ́n na ọwọ́ síwájú ojú wọn, wọ́n ń yí i padà bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Èèmọ̀!" wọ́n ní. "Mò ń rí òpópónà láti ibi tí mo dúró sí. Ṣé bí òpópónà ṣe wà nìyí látìgbà yìí?"

"Ẹ fa ìbòmú sókè, bọ̀ọ̀dá. Ọrùn lẹ fi kọ́ ọ."

*

Ìyá Ẹlẹ́kọ ni kò bá wa yọ̀.

Ìyá yìí ti ń dáná ẹ̀kọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá mi kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹ̀ igi ni wọ́n fi ń dá a: wọ́n á kì í mọ́ inú garawa pinpin, wọ́n á dá ihò sí àárín, iná á sì máa jó lábẹ́lẹ̀ títí ẹ̀kọ á fi jinná. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n á gbé agbada wá kó ìyẹ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni. Bó ṣe rí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà wa nìyẹn: ìyẹ̀ igi kì í sùn síbi tí wọ́n ti gé e.

Mo ti fi òfin tuntun ránṣẹ́ láti Leeds: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí àgbá àfi tó bá kún, bóyá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ṣíṣí i lójoojúmọ́, mo ní, ṣe ni yóò máa da eruku sójú wọn.

Ìyá Ẹlẹ́kọ gba fóònù lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá mi. "Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ò mú ọ? Ó dáa. Kí ni mo ṣe fún ọ tó o fi gba ààrò mi?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ ó máa kó o, ó sì máa pọ̀."

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ lọ́dọ̀ tìrẹ?"

Bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀mí wọn ni mò ń dù, kì í ṣe ẹ̀kọ. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "A ti gbọ́." Ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni mo ń bi wọ́n pé ṣé wọn ò ṣí àgbá, ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ní kí n fọkàn balẹ̀.

Bí ènìyàn bá ti pẹ́ díẹ̀ lókèèrè, ó rọrùn láti rò pé ilé dúró síbi tó fi í sí, pé òun nìkan ló ń kọ́ nǹkan tuntun. Mo ti di ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ojú fóònù. Inú mi sì ń dùn sí i, kí n má parọ́.

*

Ọjọ́ tí nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ni mo máa sọ.

Bọ̀ọ̀dá mi ní: "Ọkùnrin kan ní Òkukù wó ilé bàbá rẹ̀ àgbà, ó ní kí n fi igi òrùlé rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn fún òun. Ìrókò àtijọ́, o ò rí irú rẹ̀ mọ́. Mo ti yọ ìṣó ara rẹ̀, mo rò pé mo yọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo ń rẹ́ ẹ lọ, ayùn bú 'kwáà!', mo rí iná tó ta pàrà, fáànù sì gbé e mì. Mo dúró díẹ̀, mi ò rí èéfín. Àsárì ti tó. Mo pa ayùn, mo pa fáànù, mo lọ ṣe àlùwàlá."

Ìyá Ẹlẹ́kọ ní: "Mo gbé agbada mi wá bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́! Ẹ̀gbọ́n rẹ kò jẹ́ sọ fún ọ. Mo gbé ọwọ́ lé ìdérí àgbá kí n ṣí i, ó gbóná. Mo tún gbé ọwọ́ lé ìdí rẹ̀, ó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, 'Hẹn-ẹn! Ààrò nìyí.' Ta ló mọ ìyẹ̀ tó ń jó lábẹ́lẹ̀ bí èmi? Mo pariwo: Múfú! Má fọwọ́ kan fáànù yẹn o! Má ṣí i o! Bó bá ti rí afẹ́fẹ́, ojú rẹ ló máa fò mọ́."

Bọ̀ọ̀dá mi ní: "Mo ti fẹ́ ṣí i. Ọwọ́ mi ti wà lórí ìdè rẹ̀. Ìyá gbá ọwọ́ mi wálẹ̀ bí ẹni gbá ọmọdé."

Wọn ò ṣí i. Wọ́n da omi tútù sí ara àgbá láti ìta. Wọ́n tú ṣéènì ara máńgòrò, wọ́n fa àgbá náà jìnnà sí páànù àti pákó, wọ́n kó gbogbo ènìyàn kúrò nítòsí, wọ́n sì da iyanrìn tútù yí i ká. Ó tutù pátápátá kí wọ́n tó ṣí i lọ́jọ́ kejì. Ìyẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ti ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Àárín rẹ̀ ti dúdú bí èédú, ó tó ìkúùkù ènìyàn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Bí wọ́n bá tẹ̀lé òfin mi, ìyẹ̀ ọjọ́ márùn-ún ni iná yẹn ì bá bá nínú àgbá. Kò sì sí ẹni tí ì bá gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Leeds, fóònù lọ́wọ́. Etí mi tó ń gbọ́ ihò láti òkè òkun kò lè gbọ́ ooru.

"Ẹ ti ń parọ́ fún mi látìgbà yìí, bọ̀ọ̀dá," mo ní.

"Irọ́ kọ́," wọ́n ní. "Iná ìyá kì í kú nítorí mi, mi ò sì fẹ́ kó kú nítorí rẹ."

"Ẹ fún Ìyá ní fóònù." Ìyá gbà á. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó ń wò mí. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ààrò."

"Dìde nílẹ̀," wọ́n ní, bí ẹni tó ń wò mí. "Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù."

*

Mo sọ ọ́ fún Colin láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Obìnrin yẹn," ó ní, "ṣé ó lè wá ṣiṣẹ́ níbí?"

"Wọn ò ní wá. Ta ni yóò dáná ẹ̀kọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ó jáde lọ bá àgbá wa, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí èmi náà gbé tèmi lé e. Láti ìgbà náà, kì í ṣe ìgbà tó bá kún la ń dà á nù mọ́. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan la ń dà á nù, kí a tó ti ilẹ̀kùn. Ó kọ ọ́ sára pátákó pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kò sì kọ orúkọ ẹni tó kọ́ wa. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ní Ìkìrun, Wàsíù ti fi òòfà ńlá kan, tó yọ lára ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè tó ti bàjẹ́, kọ́ sára ògiri. Pákó àtijọ́ kan kò gbọdọ̀ dé orí ayùn láìjẹ́ pé òòfà kọjá lára rẹ̀ láti wá ìṣó. Bí bọ̀ọ̀dá mi bá fẹ́ tú ìyẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ, wọ́n á kọ́kọ́ pa ohun gbogbo, wọ́n á fa ìbòmú sókè, Ìyá á gbé ọwọ́ lé àgbá, wọ́n á sì sọ pé, "Ó tutù," kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ìyá náà ti ń wọ ìbòmú. Wọ́n ní ó jẹ́ kí àwọn rí bí dókítà.

Oṣù mẹ́fà pé. Wọ́n padà lọ sí Òṣogbo. Àǹtí Sìkí ló kọ́kọ́ pè mí láti iwájú ọsibítù, pẹ̀lú ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ní ohun tó ti wọ inú àyà wọn látẹ̀yìnwá kò ní jáde mọ́, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ àyà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe báyìí. Wọ́n ní, "Kápẹ́ńtà." Ó ní, "Síbẹ̀?" Wọ́n ní, "Síbẹ̀." Ó ní kí wọ́n máa bá a lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí wọ́n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, mo pè wọ́n. Wọ́n gbé e. Wọ́n pe orúkọ oríkì mi, wọ́n bọ́ sí ti ìdílé. Mo di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìlà kẹta kọjá. Ìkẹrin kọjá. Wọ́n fa èémí, mo gbọ́ bó ṣe wọlé, kò há síbì kankan, wọ́n sì gba ibi tí mo ti gbàgbé kọjá, ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìyá bàbá wa, ibi tí wọ́n ti ń pè wá ní ọmọ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún àlejò kó tó gbẹ́ tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìlà yẹn kẹ́yìn. Mi ò rántí mọ́ pé ó wà níbẹ̀.

Wọ́n kà á dé òpin. Lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣeré, àti ẹnìkan tó ń lu garawa.

"Ó dáa, bọ̀ọ̀dá," mo ní. "Báwo ni gbogbo ilé?"

"Dúró ná," wọ́n ní. "Mi ò tíì ṣe tán."

Wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.